Orúkọ Tí A Ń Pe Àgbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń dá ẹ̀mí sí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, èdè wa ní orúkọ púpọ̀ fún ẹni tí ó dàgbà. “Àgbà” ń sọ nípa ipò, “arúgbó” ń sọ nípa ara, “ọlọ́jọ́ lórí” sì ń sọ nípa iye ọjọ́ tí Ọlọ́hun ti fún un. Àlùkùránì náà ní tirẹ̀. Nínú Sūratu Hūd, āyah 72, ìyàwó Ànábì Ibrahim pe ara rẹ̀ ní ajūz, ó pe ọkọ rẹ̀ ní shaykh. Ìpìlẹ̀ ajūz ni àìlágbára; shaykh ni a sì ń pe olùkọ́ àgbà nínú ẹ̀sìn títí di òní. Nínú Sūratu Maryam, āyah 4, Ànábì Zakariyyah dárúkọ shayb, ìyẹn ewú orí, níwájú Olúwa rẹ̀ láìtijú.

Orúkọ kẹrin ni ó kàn wá jùlọ. Sūratun-Nahl, āyah 70, sọ nípa ardhalul-umur: ọjọ́ orí tí ẹni tí ó ti ní ìmọ̀ rí kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Àwa ń pè é ní ṣíṣarán. Ànábì wa pàápàá máa ń tọrọ ààbò Ọlọ́hun kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí láàrin wa? Ìyá tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tí ó ń fi orúkọ òkú pe ọmọ rẹ̀, ni àwọn kan ń pè ní àjẹ́. Wọn a kọ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń nà án. Àìlera tí Ọlọ́hun ti fún ní orúkọ, ta ni ó fún wa láṣẹ láti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀?

Nínú Sūratul-Isrā, āyah 23, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti sọ uff sí òbí tí ó darúgbó. Ṣíọ̀ lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ṣíọ̀ bá jẹ́ èèwọ̀, ibo ni a ó gbé “àjẹ́” sí?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ rí dókítà. Ẹ jẹ́ kí á kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Ìyá kò bá mọ̀ wá mọ́, àwa ṣì mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn òbí wa, kí Ó sì má fi ọjọ́ ogbó wa lé ọwọ́ aláìláàánú. Āmīn.