Ẹ Wo Nameserver Ìkànnì Ẹgbẹ́ Yín Kó Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Àlejò tó bá dé Igbókọ̀dá, tó ń lọ sí Ayétòrò, tí kò sì mọ ọ̀nà omi, ọlọ́kọ̀ ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tí ọlọ́kọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ni òun náà yóò bọ́ sí. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí abúlé mìíràn, tí wọ́n ní Ayétòrò nìyí, kí ni yóò fi mọ̀? Iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ yìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní nameserver ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ wa tó wà ní London tẹ orúkọ ìkànnì ẹgbẹ́ ìlú sórí fóònù rẹ̀. Orúkọ nìkan ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ḿbà ni wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà mọ̀. Nameserver ló ń júwe nọ́ḿbà yẹn fún fóònù. Bí ayé ṣe ń ṣe é nìyí láti ìgbà tí Paul Mockapetris ti gbé ètò náà kalẹ̀ lọ́dún 1983.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹni tó bá lágbára láti yí nameserver yín padà ló ni ìkànnì yín, ohun yòówù kó wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Kò ní já ilẹ̀kùn kankan. Yóò kàn yọ orúkọ kan, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín á wá máa gúnlẹ̀ sí èbúté tirẹ̀. Ímeèlì yín náà á bá a lọ, torí ọ̀nà kan náà ni lẹ́tà ń gbà.

Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn tó ń pe ara wọn ní Syrian Electronic Army gba inú ilé iṣẹ́ tí New York Times ti forúkọ ìkànnì wọn sílẹ̀ wọlé, wọ́n yí nameserver padà, àwọn òǹkàwé kò sì rí ìwé ìròyìn náà kà. Ti Mastercard ló dùn mí jù, torí kò sí olè níbẹ̀ rárá. Nameserver márùn-ún ló ń júwe apá kan nínú ìkànnì wọn, gbogbo wọn ló sì yẹ kó parí sí akam.net. Ẹni tó tẹ ọ̀kan nínú wọn gbàgbé lẹ́tà t, ó di akam.ne. Orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa lápá àríwá, ló sì ni .ne. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 títí wọ oṣù kìíní ọdún 2025 ni àṣìṣe náà wà níbẹ̀, orúkọ akam.ne kò sì ní ẹni tó ni ín. Philippe Caturegli, tó ń ṣèwádìí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló tajú kán rí i, ó san $300 fún orúkọ náà kí oníjìbìtì tó rà á. Lẹ́tà kan ṣoṣo!

Bí irú Mastercard bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wo tiwọn, ìkànnì ẹgbẹ́ ìlú ńkọ́, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́? Ọmọdékùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń bá wa ṣe é, pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀ àti káàdì tirẹ̀. Ó kó lọ sí ìlú òkèèrè, ó pààrọ̀ nọ́ḿbà, ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti tó san ń lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti kà á. Bí ọjọ́ bá pé, ilé iṣẹ́ tó ta orúkọ náà sábà máa ń yí nameserver sí ojú ewé ìpolówó tiwọn. Bí ẹ kò bá tètè rà á padà, ẹni tó bá wù ú lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún wa ju bó ṣe wúwo fún àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947. Ilé ń wó, àwọn èèyàn ń tú ká. Ọmọ ìlú tó wà lókèèrè, tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, orí ìkànnì ni yóò ti wá nọ́ḿbà àkáǹtì. Oníjìbìtì tó bá gba nameserver lè ya àwòrán ìkànnì yín bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kó yí nọ́ḿbà àkáǹtì nìkan. Owó tó bá lọ báyẹn ṣòro láti gbà padà.

Wíwò ó kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí orúkọ yín bá parí sí .com tàbí .org, ẹ lọ sí lookup.icann.org lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ náà. Bó bá jẹ́ .ng, NiRA tó ń bójú tó orúkọ wọ̀nyẹn ní WHOIS tirẹ̀, ìyẹn ojú ewé tí ẹ ti lè wo orúkọ náà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Windows lè kọ nslookup -type=ns, kó fi orúkọ ìkànnì tẹ̀ lé e. Nameserver méjì ó kéré tán ló yẹ kó jáde. Ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wọ́n wé èyí tí ilé iṣẹ́ tó gbé ìkànnì yín fún yín. Ẹ wo ọjọ́ tí orúkọ náà yóò parí pẹ̀lú. Ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí ìkànnì yẹn gan-an, torí bí ìkànnì bá lọ, ẹ kò ní rí lẹ́tà tí ẹ ó fi gbà á padà.

Kí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ má ṣe tìtorí pé nameserver rí dáadáa kó fọkàn balẹ̀ o. Oníjìbìtì náà ń ra nameserver tó dára. Ẹ fi fóònù pe ẹni tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ nílé kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, láti Ugbó dé Awóyè, mo bẹ̀ yín: kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó tú ká, ẹ kọ orúkọ nameserver yín, ọjọ́ tí owó yóò parí àti orúkọ èèyàn méjì tó ní páásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé ìpàdé.