Lẹ́tà sí Àlàó ní Lamordé, Lórí Irin Gígùn

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété.

Àlàó, ọmọ àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọkà àti ti ẹ̀rọ tí ń fa omi sí oko ewébẹ̀ ń gba orí afárá Kennedy wá bá yín ní Lamordé, ní Niamey lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo kà tí mo tún un kà, níbi tí o gbé sọ pé kí irin má baà ṣòfò, odindi ọ̀pá mítà 6 ni ẹ máa ń kì bọ ihò orí ẹ̀rọ léètì, tí ìyókù rẹ̀ á yọ síta lẹ́yìn, tí á máa yí bí ẹ ti ń gé e níwájú.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ojú òṣìṣẹ́ a máa wà níwájú, níbi tí ọ̀bẹ gbé ń jẹ irin. Ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ sí, ni ikú gbé ń dúró, Ògún Lákáayé kì í sì í bá aláìbìkítà ṣeré. Irin tí ó tọ́ lójú rẹ kò tọ́ tán. Bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́, líle rẹ̀ á mú un dúró. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i, ìwọ̀nba ìtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ á máa fà á síta, títí yóò fi dé eré kan tí fífà yẹn àti gbígbọ̀n irin fúnra rẹ̀ bára mu, nígbà náà ni yóò ká lójijì ní ẹnu ihò, tí ìyókù á sì máa na gbogbo ohun tó yí i ká bí pàṣán. Ọ̀pá tó nípọn mílímítà 12, tó yọ mítà 1 láìní ohun tó gbé e ró, lè bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí ní nǹkan bí ìyípo 500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá yọ mítà 2, kì í ṣe ìdajì eré náà ni yóò bá a jà mọ́, ìdámẹ́rin rẹ̀ ni, nǹkan bí 125, eré tí ẹ̀rọ yín ń sá kí ó tó jí lójú oorun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ irin yìí gan-an nínú òfin irinṣẹ́ wọn ti 1998, pé kí agbanisíṣẹ́ rí i pé ẹnikẹ́ni kò lè dé ibi tí ó gbé ń yí.

Nítorí náà, ẹ gé irin kúrú kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ìdí rẹ̀ parí sínú ihò. Àgékù irin tí ẹ ń sunkún lé lórí, ẹ fi ṣe bóòtù. Bí ó bá di dandan kí ó gùn, inú páìpù ni kí ó máa yí, páìpù tó fẹ̀ ju irin lọ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú, tí àárín rẹ̀ bá àárín ihò ẹ̀rọ mu gẹ́lẹ́, tó sì gba gbogbo gígùn irin náà tán. Igi onípàlàká tí ẹ ń gbé e lé kò tó, yóò fò kúrò níbẹ̀. Kí ẹ fi òrùka igi líle há a mọ́ àárín ihò, kí ó má baà máa rìn kiri, kí ẹ sì máa fi eré tó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti iwájú, ọ̀gá rẹ mọ̀ ọ́n: bí irin bá yọ ju ìlọ́po mẹ́rin ìnípọn rẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó ẹ̀yìn tì í, bí ó bá ju ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ gbé lunette, agbéró oníka, sí i, ẹ sì fi òróró sí ẹnu ìka rẹ̀.

Má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí fún ọ̀gá rẹ níwájú oníbàárà. Dọ̀bálẹ̀, kí o ní èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ léètì ní Èbúté Mẹ́ta ni mo rán ọ, nítorí ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Lẹ́yìn náà, wọn ìbú ihò ẹ̀rọ yín àti ìnípọn irin tí ẹ ń lò jù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Igi àpá kan wà lẹ́yìn ilé mi tó ti gbẹ dáadáa, n óò gbẹ́ òrùka náà, n óò sì fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Niamey.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.