Ojúoró Inú Ike: Òwò Kékeré Tí A Lè Ṣe Nínú Ilé

Nínú ẹ̀kọ́ òwò ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewé tí gbogbo wa mọ̀ nínú àdúrà, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa kò fọwọ́ kàn rí: ojúoró, ewé tí í lékè omi. Àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ń fi owó ra òun àti ewé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní duckweed. Gbòǹgbò wọn ń fa ìdọ̀tí ẹja jẹ, ewé wọn sì ń ṣíji bo ẹja.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, àwa kan nínú ẹgbẹ́ gbé ike fífẹ̀ kan kalẹ̀ láti dán an wò. A ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà mẹ́ta. Nítorí òtútù, a dé ike náà pinpin. Omi ń kán láti ara ìdérí sórí ewé tọ̀sán-tòru. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ jẹrà. A dá owó olówó padà. Ohun tí a rí kọ́ nìyí:

1. Omi. Kílórìnì wà nínú omi ẹ̀rọ ìlú New York. Ẹ jẹ́ kí omi náà wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan kí ẹ tó da ewé sí i. Omi tí a bá gbọ́n kúrò nínú àpótí ẹja ni ajílẹ̀ tó rọrùn jù.

2. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Bí ọjọ́ bá kúrú, ẹ tan iná LED lé e lórí. Ooru 70 sí 80 Fahrenheit bá ojúoró lára mu. Yìnyín ń pa á.

3. Atẹ́gùn. Gbòǹgbò ló fẹ́ omi. Ojú ewé gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ má dé ike pa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ àpótí ẹja máa ta omi sí i lórí.

4. Kíkó kúrò. Duckweed lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Bí ife kan bá ń di méjì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, yóò di ife 1,024 ní ọjọ́ 30, bí àyè bá wà. Ẹ máa kó ìdajì kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹja má bàa ṣaláìní atẹ́gùn.

5. Ẹ̀fọn. Omi tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Àìsàn West Nile tí ẹ̀fọn ń gbé kiri yọjú ní ìlú yìí ní 1999. Ẹ fi ẹja kékeré sí i, ẹ má sì gbé ike síta.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ewé tó ń pọ̀ báyìí kò lè wọ́n. Ohun tí oníbàárà ń sanwó fún ni ewé tó mọ́, tí kò ní ìgbín, tó sì yè dé ilé. Ẹ ṣan án, ẹ já èyí tó pọ́n dànù, ẹ fi pépà tútù wé gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí òfin pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Texas fòfin de ojúoró. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin de giant salvinia. Kí ẹ tó ra ewé kankan, ẹ wo àkójọ Department of Environmental Conservation ti New York.

Paríparí rẹ̀, ẹ má da àjẹkù sínú adágún Prospect Park. Ní 1984, ewé gbéborùn gba ọ̀nà omi láti ìhà Pọ̀tọ̀nóvò wọ Badagry, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja wa. Ẹ sá àjẹkù kó gbẹ, kí ẹ dì í sínú àpò pàǹtí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ike kékeré wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó bu duckweed sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Òwò wa yóò lékè o.