Omi, Ooru àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, nígbà tí a ń múra àjọ̀dún yìí sílẹ̀, ọ̀kan nínú yín dá àbá kan tí ó mú inú wa dùn: pé kí ẹgbẹ́ fi kọ̀ǹpútà tí omi ń mú tutù ta yàrá ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, nítorí pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ máa ń kú lójijì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a tó dáhùn, a rò pé ó yẹ kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo iná mànàmáná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá jẹ ni ó ń di ooru. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé máa ń jẹ nǹkan bí 65 wáàtì. Ẹ rántí gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì, tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ni ó ń jáde láti ara ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí a kò bá tètè gbé e kúrò, tí ó sì ń sún mọ́ 100 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọpọlọ náà yóò dẹwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, irin tí ó pín sí ewé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ìwé ni a gbé lé ọpọlọ náà lórí, fáànù a sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín wọn. Ṣùgbọ́n omi lágbára ju afẹ́fẹ́ lọ níbi iṣẹ́ yìí, alágbẹ̀dẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa: bí ó bá yọ ọkọ́ tí ó pọ́n yòò jáde nínú iná, inú omi ni ó ń tì í bọ̀. Kí lítà omi kan tó gbóná sí i ní dígírì 1, ó gba nǹkan bí 4,200 júùlù. Lítà afẹ́fẹ́ kan kò gbà ju nǹkan bí 1.2 lọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó kò ṣàjèjì sí ẹ̀rọ náà. Ta ni kò tíì rí tírélà lẹ́bàá títì Èkó sí Bìní, tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí rédíétọ̀ rẹ̀ ń hó? Ohun kan náà ni, ti kọ̀ǹpútà kàn kéré ni. Pẹpẹ bàbà lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Pọ́ǹpù ń ti omi gba inú rẹ̀. Rọ́bà méjì ń gbé omi lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀. Rédíétọ̀ àti fáànù ń gba ooru lọ́wọ́ omi, wọ́n ń fi í fún afẹ́fẹ́ yàrá.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Omi kì í pa ooru, ó kàn ń rù ú ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ní JSS 3 bá wa ṣírò rẹ̀. Ọpọlọ oní 100 wáàtì ń tú 100 júùlù jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí lítà omi kan bá ń yí po láìsí rédíétọ̀, yóò máa fi dígírì 1 gbóná sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 42. Láti 30 dé 60 dígírì, ìṣẹ́jú 21 péré ni. Omi inú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kò sì tó lítà kan.

Nítorí náà, bí yàrá bá wà ní dígírì 33 ní ọ̀sán oṣù Èrèlé, omi náà kò lè tutù ju 33 lọ. Àmù ìyá àgbà ńkọ́, tí omi rẹ̀ máa ń tutù ju inú ilé lọ? Omi àmù ń jáde díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Inú ìdè ni omi kọ̀ǹpútà wà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi yìnyín kún un, kí ó wo òógùn tí ó máa ń bo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì. Bí irú òógùn bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí pátákó iná kọ̀ǹpútà, wàhálà dé nìyẹn.

A kò sọ pé ọ̀nà yìí kò níyì. Ní 1985, inú omi kẹ́míkà tí iná kì í gbà kọjá ni wọ́n ri àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ńlá Cray-2 sí ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, Apple gbé Power Mac G5 olómi jáde, àwọn kan nínú wọn sì jò lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọmọ tí ó ń to fíìmù pọ̀ lórí ọpọlọ tí ó ju 200 wáàtì lọ yóò jèrè rẹ̀. Bí òbí bá fẹ́ rà á, kí ó ra èyí tí wọ́n ti dì pa láti ilé iṣẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi kànga sí i, nítorí pé iyọ̀ inú ilẹ̀ ń gbé iná kọjá, ó sì ń dí ojú ọ̀nà. Kí pọ́ǹpù má wà lókè pátápátá, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kó jọ sí.

Ní ti yàrá wa, a ṣí ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá. Ojú tì wá. Eruku ọyẹ́ àti ti ojú títì ti dí àárín ewé irin náà bí òwú ìrọ̀rí, ìpara tí ó so irin mọ́ ọpọlọ sì ti gbẹ bí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀, iná NEPA ni a ti ń bú láti ọjọ́ yìí. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, a pa ìpara tuntun, a gbé e kúrò nílẹ̀. Kò tíì kú mọ́. Rédíétọ̀ olómi náà ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́, eruku kan náà ni yóò sì dí i, pẹ̀lú pọ́ǹpù tí ó lè kú lé e lórí.

Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ púpọ̀ tí kì í kú ni àwọn ọmọ wa nílò, kì í ṣe ẹ̀rọ ẹyọ kan tí ó dára lójú. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí owó náà ra fáànù tí ń fa ooru jáde nínú yàrá, ìpara, àti àwọ̀n fún fèrèsé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣì kù tí a kò tíì ṣí. Ẹni tí ó bá wá síbi àjọ̀dún, tí kò sì kọ eruku, yóò bá búrọ́ọ̀ṣì lórí tábìlì.