Ọkùnrin Alákẹtẹ̀ ti Boree Creek

Ọmọ mi, o ní o fẹ́ dupò. Mo ti gbọ́. Àwòrán tí o gbé wá lánàá dára, fìlà abetí ajá yẹn sì yẹ ọ́. Ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè sùn: “Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni n ó ṣe.” Jókòó, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ alákẹtẹ̀ kan fún ọ.

Tim Fischer lorúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ láti Boree Creek, ìletò kan ní New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà, tí wọ́n sì ń sin àgùntàn. Ó jagun ní Vietnam, ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1968. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó wọlé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún 1971. Ó dé tàpapọ̀ lọ́dún 1984, ó di olórí ẹgbẹ́ National, ẹgbẹ́ àwọn ará oko, lọ́dún 1990. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1996, ó ti di igbákejì John Howard, olórí ìjọba. Mo sáré kọjá níbẹ̀ torí pé ipò kọ́ ni mo pè ọ́ wá gbọ́.

Wọn ò tíì lo oṣù méjì lórí àlééfà tí ọkùnrin kan fi gbé ìbọn ní Port Arthur, ní erékùṣù Tasmania, tó pa èèyàn 35. Howard ní àwọn ìbọn tó ń yìn léraléra gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú, ìjọba yóò sanwó wọn. Ta ni ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn èèyàn Fischer ni. Ìbọn ni wọ́n fi ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́yìn ọmọ àgùntàn, òun ni wọ́n fi ń dín ehoro kù. Wọn ò rí ìdí tí wọ́n fi máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Fischer ì bá dákẹ́, kó di gbogbo rẹ̀ lé Howard lórí. Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn rẹ̀ ló lọ, ó sọ fún wọn pé òun náà fọwọ́ sí i. Ní Gympie, ní Queensland, wọ́n ṣe ère rẹ̀, wọ́n sì so ó rọ̀. Rò ó wò: kí ará oko so ère ará oko ẹlẹgbẹ́ wọn rọ̀! Ìbọn tó lé ní 600,000 ni ìjọba gbà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ tuntun One Nation gba àga 11 nílé aṣòfin Queensland, púpọ̀ nínú ìbò náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Fischer tẹ́lẹ̀.

Má rò pé mo sọ ọ́ di òrìṣà o. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga wọn dájọ́ lọ́dún 1996 pé ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn Aborigine, lè ṣì wà lórí ilẹ̀ tí àwọn darandaran yá lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yìn àwọn darandaran ni Fischer wà, ó sì ṣèlérí láti gé ẹ̀tọ́ náà kù. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí àwọn tirẹ̀ fẹ́ ló ṣe. Mi ò bá a lọ níbẹ̀.

Lọ́dún 1999, ó fipò sílẹ̀ láìsí ẹni tó lé e, torí ìdílé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọtísímù. Nígbà tó yá, ìjọba Labor, ẹgbẹ́ tó ti bá a fà á fún ọdún gbọọrọ, ló rán an lọ ṣe aṣojú ní Vatican. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àkàrà, ọkọ̀ ojú irin náà ló sì gbé pósí rẹ̀ wọ Albury fún ìsìnkú.

Àwòrán tìrẹ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, àbí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé pa rẹ́?