Àpò Wo Ló Yẹ Ọdẹ Tó Fẹ́ Gbé Ẹran Jáde Nínú Igbó?

Ní àdúgbò wa ní GRA Ìkẹjà, ẹni tó bá ń ṣọ́ géètì ni gbogbo èèyàn ń pè ní ọdẹ. Àbúrò bàbá mi jẹ́ ọdẹ lọ́nà méjèèjì: lóru wọ́n ń ṣọ́ ilé onílé, bí wọ́n bá gba ìsinmi, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n á gbé ìbọn wọgbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n pa àgbọ̀nrín kan síbi tó jìn sí títì. Okùn àpò tí wọ́n gbé kọ́ èjìká já lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Kí wọ́n tó jáde, oòrùn ti mú, ẹran ti ń rùn, ìyá olóúnjẹ tó fẹ́ rà á kò gbà á mọ́. Èjìká òsì sì dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ni wọ́n bá ní, "Ìwọ tó ń lọ yunifásítì, wá àpò gidi fún mi."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, iṣẹ́ wa ṣáà nìyẹn. Àpò kì í ṣe apó. Àpò, olóhùn ìsàlẹ̀ méjì, ni ohun tí à ń kó nǹkan sí. Apó, olóhùn àárín àti òkè, ni ilé ọfà. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa fún gbígbé náà pọ̀: à ń ru ẹrù (láti ara "rù" ni "ẹrù" ti wá), à ń gbé báàgì kọ́ èjìká, à ń pọn ọmọ. Mo dé Kàtángúà níbi tí àpò òkìríkà pọ̀ sí kí n tó rí i pé àpò kíkọ́ kọ́ ni mò ń wá, àpò pípọ̀n ni.

Ẹ wo ìyá tó pọnmọ. Ọ̀já gba ìdí ọmọ kọjá, ó so níwájú, ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pẹ́kípẹ́kí, ìbàdí ìyá ló ń ru ìwúwo, kì í ṣe èjìká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpò tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń gbé ẹran elk, ẹranko tí akọ rẹ̀ lè ju 300 kílò lọ. Ó ní férémù líle, ó ní bẹ́líìtì fífẹ̀ tó di ìbàdí mú, wọ́n sì ń de ẹran sáàárín férémù àti àpò kó má baà jìnnà sí ẹ̀yìn. Ẹrù tó bá jìnnà sí ẹ̀yìn, ńṣe ló ń fa èèyàn sẹ́yìn. Síbẹ̀, wọn kì í gbé elk tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kun ún, wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀.

Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Òkété kì í wúwo, ọ̀yà ńlá lè tó kílò 7 tàbí 8. Àgbọ̀nrín ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí akọ rẹ̀ lè ju 40 kílò lọ. Lójú tèmi, àpò lítà 50 tó ní férémù sàn ju ti lítà 80 tí kò ní lọ.

Mo ra ọ̀kan, mo ki ìrẹsì kílò 25 sínú rẹ̀, mo gbé e pọ̀n láti géètì dé Isaac John, mo sì padà. Àwọn ọlọ́kadà fi mí ṣẹ̀rín. Lẹ́yìn náà mo dẹ okùn èjìká: bí àpò bá wọ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé bẹ́líìtì rẹ̀ kò wúlò. Kò wọ́. Ibi tí wọ́n ti rán okùn mọ́ àpò ni mo tún fà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ti àtijọ́ ti já.

Àpò nìkan kọ́ ló ba ẹran yẹn jẹ́ o. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e, náílọ́ọ̀nù sì ń há ooru mọ́ ẹran. Ìfun ni ká tètè yọ, ká fi aṣọ òwú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wé ẹran, ká sì fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára àpò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá rántí bí àwọn èèyàn ṣe sá fún ẹran ìgbẹ́ nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014 kò ní fojú kéré ẹ̀jẹ̀ inú àpò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí láti Ìsẹ́yìn. Ọ̀yà mẹ́ta. Mo bi wọ́n bóyá èjìká dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Rárá o, mo pọ̀n wọ́n wálé ni." Mo ní kí wọ́n tún un sọ, kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi.