Bí A Ṣe Ń Ṣe Kúìsì Orí Fóònù fún Ẹgbẹ́ Tó Ń Fọ Ilé Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún gbogbo ìdílé tí ẹnì kan nínú wọn ń gba owó òòjọ́ nínú ẹgbẹ́ tó ń kó ẹrẹ̀, tó ń fọ ilé àti kànga. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ fóònù tẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ọjọ́ kan péré ni a fi ń kọ́ yín kí a tó kó bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ fún yín. Ẹ̀kọ́ náà sì pọ̀: iná mànàmáná, bílíìsì, jẹnẹrétọ̀, ejò tó sá sábẹ́ àga, ìṣó inú ẹrẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ àti ẹrù tó bá omi lọ, kò lè rántí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus kọ̀wé lórí bí ó ṣe dán iyè ara rẹ̀ wò: ohun tí a kọ́ tí a kò padà sí máa ń yára sá lọ, pàápàá ní ọjọ́ kìíní. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà láìwo ìwé rántí ju àwọn tó kàn tún un kà lọ. Ẹni tó ti ṣe àkọ́sórí rí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí olùkọ́ bá ní ká pa Bíbélì dé, ká dìde, ni a ń mọ̀ bóyá ẹsẹ náà ti wọlé.

Kúìsì àkọ́kọ́ tí àwa fúnra wa ṣe kò dára. Poll orí WhatsApp ni a lò. A béèrè pé, “Ṣé ó dára kí a wọ ìbọ̀wọ́?” Gbogbo ẹgbẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú wa sì dùn. Lọ́jọ́ kejì òjò dé, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yẹn gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà pa á, àwọn yòókù sì ń ṣiṣẹ́ lọ nínú yàrá. Aládùúgbò kan ló rí i tó figbe ta. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn bí ẹni tó sùn lọ. Arákùnrin náà wà ní kíláàsì lọ́jọ́ tí a sọ ọ́. Àwa ni a kò bi í. Ohun tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ni a béèrè. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo gúrúùpù ló ń rí ohun tí ẹlòmíràn mú nínú poll yẹn. Bí olórí ẹgbẹ́ bá ti tẹ tirẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Báyìí ni a ṣe ń béèrè rẹ̀ nísinsìnyí:

Òjò bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níta. Kí ni ẹ máa ṣe?
A. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.
B. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta.
D. Ẹ pa á, ẹ dúró kí òjò dá.

D ni ìdáhùn. Ẹ wo A àti B dáadáa: ohun tí ènìyàn gidi ń ṣe ni. Bí ìdáhùn tí kò tọ̀nà bá jẹ́ ohun ẹ̀rín, kò sẹ́ni tó máa ronú. Lẹ́yìn tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ rí ìdí: fèrèsé ṣíṣí kò tó, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà 6 ó kéré tán. Ẹ ka ìṣísẹ̀ 10.

Ẹ bi wọ́n léèrè bílíìsì náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí a bá po oògùn ìfọṣalángá mọ́ ọn, á túbọ̀ lágbára. Gáàsì tó ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń tibẹ̀ jáde. Ẹ bi wọ́n léèrè ilé tí omi mù dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ṣúìṣì tó ń pa gbogbo iná wà ní yàrá inú. A kì í wọ̀ ọ́. Ẹ dúró síta, kí ẹ pe àwọn oníná.

Láti ṣe é, ẹ ṣí Google Forms nínú ibi tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Ẹni tó ń ṣe é nìkan ló nílò Gmail. Ní “Settings”, ẹ tan “Make this a quiz”, kí ẹ sì jẹ́ kí èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ “Answer key”, ẹ mú ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹ kọ ìdí síbẹ̀. Ẹ má ṣe tan “Limit to 1 response”, torí yóò ní kí oníkálukú wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google, fóònù ọ̀pọ̀ yín sì ti bómi lọ. Ẹni mẹ́ta lè máa lo ẹyọ kan. Ẹ má fi àwòrán tàbí fídíò sí i, kí ó má jẹ dátà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi líǹkì rẹ̀ sí gúrúùpù.

Ìbéèrè mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ẹ fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n bá ṣì ni kí ẹ tún mú padà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980 lè sọ pé kò sí kúìsì nígbà náà. Òótọ́ ni, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ náà kò tíì kún ojúlé bí ó ṣe kún un lónìí.

Àwọn kan ti bi wá bóyá ẹni tó bá gba òdo máa pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Rárá. A kì í gba orúkọ, máàkì kò sì kan owó òòjọ́. Bí ẹ̀rù bá wà níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa wo ti ara wọn, a kò sì ní mọ ibi tí ewu wà. Bí ọ̀pọ̀ bá ṣi ìbéèrè kan náà, àwa la kò kọ́ ọ dáadáa. A ó tún un kọ́ ní ìta gbangba, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ níwájú wa.

Fún àwọn tí kò ní fóònù tàbí tí kò mọ̀wé kà, kí ẹnì kan ka ìbéèrè sókè lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo wọn dijú, kí wọ́n na ìka kan fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún D, lẹ́yìn náà kí ó sọ ìdáhùn àti ìdí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bi àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wọ́n léṣe lọ́sẹ̀ náà, kí ó sì mú un wá bá wa. Òun la ó fi ṣe kúìsì ọjọ́ Ajé.